Ẹni tó bá fi ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà sílẹ̀, kó má fi B12 sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ tí kò lẹ́ran nínú kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan mọ́. Ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ wà tí wọ́n ti sọ pé àwọn kò ní fẹnu kan ẹran, ẹja, ẹyin tàbí wàrà mọ́ láéláé. Àwọn kan rí i lórí fóònù, àwọn kan gbọ́ ọ nínú ìjọ wọn, àwọn rásítà sì ti ń jẹun bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn àgbà kan náà wà tí dókítà ní kí wọ́n dín ẹran ọlọ́ràá kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí wọ́n sì torí ẹ̀ kọ gbogbo ohun tó ń mí. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ohun tó yàn láti jẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń polongo oúnjẹ yìí kì í sábà sọ, àwa ó sì sọ ọ́ lónìí: ẹni tó bá fi gbogbo ohun tó ti ara ẹran wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lo fítámì B12. Dandan ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tí kì í jẹ ìgbín tàbí ọ̀kẹ́tẹ́ nítorí èèwọ̀ ìdílé kọ́ là ń bá wí, nítorí pé onítọ̀hún ń jẹ ẹja. Ìyá tó ní òun ti jáwọ́ nínú ẹran, ṣùgbọ́n tó ń lọ edé sínú ọbẹ̀ gbọ̀ọ̀rọ̀, tó sì ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní lọ́jọ́ ọjà, òun náà kọ́. B12 wà nínú edé, ó wà nínú ẹja gbígbẹ, ó wà nínú wàrà. Àwọn tí à ń bá sọ̀rọ̀ ni àwọn tí gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti kúrò nínú ìkòkò wọn pátápátá, àwọn tí wọ́n ń pè ní vegan, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní végétalien.

B12 kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Máíkírógíráàmù 2.4 ni àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Aboyún nílò 2.6, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú nílò 2.8. Bí ẹ bá pín gíráàmù iyọ̀ kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù kan. Síbẹ̀ iṣẹ́ ńlá ló wà lọ́wọ́ ohun kékeré yìí. Òun wà lára ohun tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tó dára. Òun náà ló ń tọ́jú ohun tó bo iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn àwọn okùn tó ń gbé iṣẹ́ láti inú ọpọlọ lọ sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ fi wé wáyà iná. Bí rọ́bà ara wáyà bá ń bó, iná á kọ́kọ́ máa ṣẹ́jú, nígbà tó bá yá á kú.

Ibi tí àríyànjiyàn ti máa ń gbóná nìyí: màlúù ń jẹ koríko, ewúrẹ́ ń jẹ ewé, kí ló dé tí B12 wà nínú ẹran wọn, tí àwa tí à ń jẹ tẹ̀tẹ̀ àti ewédú kò wá ní ní in? Ìbéèrè tó lọ́gbọ́n nínú ni. Kò sí ewé tó ń ṣe B12, kò sì sí ẹranko tó ń ṣe é fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní bakitéríà nìkan ló ń ṣe é. Màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ ní àpò ńlá kan nínú ikùn, níbi tí koríko ti ń rọ̀ kí ó tó lọ sínú ìfun. Inú àpò yẹn ni bakitéríà ti ń ṣe B12, tí ìfun tó wà níwájú sì ń gbà á sára. Àwa ènìyàn náà ní bakitéríà tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n inú ìfun ńlá ni wọ́n ń gbé, lẹ́yìn ibi tí ara ti ń gba B12. Ẹrù dé ọjà nígbà tí oníbàárà ti relé. Inú ìgbẹ́ ló ń bá lọ.

Àwọn kan wá ní kí a má fọ ewé ká lè rí bakitéríà jẹ. Ẹ má dá wọn lóhùn. Onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun ni irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ń fà. Àwọn mìíràn ní hóró oògùn kì í ṣe ohun tí Ọlọ́run dá mọ́ oúnjẹ, pé adìẹ ló bá ìṣẹ̀dá mu. Kí wọ́n bi àwọn tó ń sin adìẹ lọ́pọ̀ léèrè: B12 wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ adìẹ wọn. Ẹni tó jẹ ẹyin àti ẹni tó gbé hóró B12 mì, bakitéríà kan náà ló ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Ohun tí a sì máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń ta nǹkan ìlera ni pé ewé kan wà tó ní ohun gbogbo. Wọ́n á dárúkọ mọ̀ríńgà. Wọ́n á dárúkọ ìrù, wọ́n á dárúkọ wàrà sóyà. Oúnjẹ gidi ni gbogbo wọn, a kò sì ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú wọn. Sóyà ń ṣe iṣẹ́ tí ẹran ń ṣe láti mú kí ara le, ewé mọ̀ríńgà ní ohun rere púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ènìyàn lè gbọ́kàn lé fún B12. Ti spirulina tilẹ̀ tún ṣòro jù, ìyẹn ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó ki, tí wọ́n ń sìn nínú omi ní Pahou lọ́nà Ouidah. Oúnjẹ tó ń ṣara lóore ni, a sì yọ̀ pé ilé wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè ní B12 nínú rẹ̀ jẹ́ ohun tó kàn jọ B12, tí ara ènìyàn kò lè lò. Kọ́kọ́rọ́ tó wọ ihò ilẹ̀kùn, tí kò sì lè ṣí i. Ẹni tó bá ń lá spirulina lójoojúmọ́ tó rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ àìní B12 ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìmọ̀ yìí kò ti pẹ́ láyé. Ní 1926, George Minot àti William Murphy ní Boston, ní Amẹ́ríkà, fi hàn pé àwọn tí irú àìtó ẹ̀jẹ̀ kan ń pa, tí ara wọn kì í lè gba B12, lè yè bí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀dọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ lójoojúmọ́. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú George Whipple ní 1934, síbẹ̀ kò tíì sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú ẹ̀dọ̀ náà. Ọdún 1948 ni wọ́n tó yọ B12 jáde lára rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rin nígbà náà tí Donald Watson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Vegan Society sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1944. Wọn kò lè mọ ohun tí oúnjẹ wọn ṣe aláìní, àwọn kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn sì ṣàìsàn. Lónìí ẹgbẹ́ náà gan-an ló ń sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ pé kí wọ́n lo B12. Watson kú ní 2005, ẹni ọdún 95 ni. Nítorí náà a kò sọ pé oúnjẹ aláìlẹ́ran ń pani. Ohun tí ayé ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá ni kò yẹ kí ará Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi ara rẹ̀ dán wò.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà fara pamọ́ ni pé ẹ̀dọ̀ wa ní àká. Ẹni tó ti ń jẹ ẹja láti kékeré ti kó B12 pamọ́ síbẹ̀, àká náà sì lè tó o lò fún ọdún méjì, mẹ́ta, nígbà mìíràn márùn-ún. Oṣù kẹfà tó dẹ́kun ẹran, ara rẹ̀ fúyẹ́, ó ń jẹ́rìí kiri pé òun kò lo oògùn kankan, kò sì sí ohun tó ṣe òun. Òótọ́ ló sọ. Àká ló ń jẹ. Bí àká bá gbẹ tán, kò ní dún. Àárẹ̀ á kọ́kọ́ dé, ojú á funfun, ahọ́n á pọ́n, á máa ta á. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa ṣe é bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára. Á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bó bá ń rìn lókùnkùn, á máa gbàgbé nǹkan. Ní ìlú wa, ibà ni ènìyàn á kọ́kọ́ ro, lẹ́yìn náà ayé. Bí wọ́n bá tètè fún un ní B12, ara á padà sípò. Bí ó bá pẹ́ jù, ẹ̀jẹ̀ á padà, ṣùgbọ́n iṣan tó ti bà jẹ́ lè má padà mọ́.

Èyí tó ń kó wa láyà sókè jù ni ti àwọn aboyún àti àwọn ọmọ ọwọ́.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ń fún aboyún ní hóró irin àti acide folique. Ó dára, kí gbogbo aboyún máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ obìnrin gbà pé hóró yẹn ni gbogbo fítámì tí oyún nílò. Kò sí B12 nínú irin, kò sì sí nínú acide folique. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé acide folique lè bo àìní B12 mọ́lẹ̀. Ó lè tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, kí àyẹ̀wò sì dára lójú nọ́ọ̀sì, nígbà tí iṣan ń bà jẹ́ lọ lábẹ́lẹ̀. Obìnrin tí kò bá jẹ ohunkóhun tó ti ara ẹran wá gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún agbẹ̀bí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó bá lọ forúkọ sílẹ̀. Kó má tijú, kó má sì dúró dìgbà tí wọ́n bá bi í.

Ọmọ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bí láìlo B12 lè dára lójú nígbà tí wọ́n bí i. Àká tirẹ̀ kéré, ọmú tó sì ń mu kò ní ohun tí yóò fi kún un. Láàárín oṣù mẹ́rin sí ọdún kan, ẹ ó rí i pé ọmọ tó ti ń rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọrùn tó ti gbó á tún máa yẹ̀. Ọmọ tó ti ń jókòó á tún máa ṣubú, oorun á pọ̀, kò ní fẹ́ jẹun. A mọ ohun tí wọ́n ń sọ ní agboolé nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀: ọmú ìyá rẹ̀ korò, tàbí àbíkú ni. Kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn kíá, kí wọ́n sì sọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń jẹ àti ohun tí kì í jẹ. Abẹ́rẹ́ B12 lè sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jí láàárín ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi oṣù ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ àbíkú, ọpọlọ rẹ̀ lè má bọ́ sípò tán. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí gba ọmú lẹ́nu ọmọ o. Ìyá ni kó máa lo B12, ọmọ á rí i nínú ọmú.

Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó? Ìmọ̀ràn tí Vegan Society ń fún àgbàlagbà ni kí wọ́n lo hóró tó ní máíkírógíráàmù 10 lójoojúmọ́, tàbí èyí tó ní 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ lè béèrè pé nígbà tó jẹ́ 2.4 ni ara ń fẹ́, kí la fẹ́ fi 2000 ṣe? Ọ̀nà tí B12 ń gbà wọ ara tóóró bí ẹnu àdó ni. Bí ẹ bá da omi sí i díẹ̀díẹ̀, á wọlé dáadáa. Bí ẹ bá da odindi korobá lé e lórí, ìwọ̀nba ló máa wọlé, ìyókù á dà sílẹ̀. Nítorí náà ẹni tó bá ń lò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ gbọ́dọ̀ da púpọ̀. Èyí tó ṣẹ́ kù, ara á dà á nù. Ẹ wo ara páálí: cyanocobalamine tàbí hydroxocobalamine ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀ náà, nítorí µg 1000 àti mg 1 ohun kan náà ni. Ti ọmọdé àti ti aboyún, ẹnu agbẹ̀bí tàbí dókítà ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ẹ má ra á lórí àtẹ. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú àwọn oníṣòwò tó ń kà wá, ṣùgbọ́n oòrùn ọjà kò dára fún oògùn, ẹni tó ń tà á lórí igbá kò sì mọ ibi tó ti wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2009, Kútọnu níbí ni Jacques Chirac, tó ti jẹ ààrẹ Faransé rí, ti ké sí gbogbo ayé láti gbógun ti ayédèrú oògùn. Ìlú tí wọ́n ti ké irú igbe bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó tún máa ra oògùn nínú àpò ọ̀rá. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn hóró tí wọ́n ń tà fún àwọn ọmọge láti fi sanra, tí wọ́n ń pè ní fítámì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe fítámì rárá, oògùn líle tó ń ba ara jẹ́ ni. Fámásì tó ní àmì àgbélébùú aláwọ̀ ewé lẹ́nu ọ̀nà ni kí ẹ lọ, kí ẹ dárúkọ B12 fún wọn.

Títí di ibí yìí, àwọn tó fúnra wọn yan oúnjẹ aláìlẹ́ran là ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan wà ní abúlé wa tí wọn kò yan nǹkan kan. Ẹ̀kọ àti ata lówùúrọ̀, gàrí àti ẹ̀wà lálẹ́, ọ̀sẹ̀ lọ, ọ̀sẹ̀ bọ̀. Àpò ló sọ wọ́n di vegan. A kò ní kí àwọn wọ̀nyí sáré lọ sí fámásì. Ẹyin kan ní nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Gíráàmù 100 ẹja sàdíìnì kọjá ohun tó nílò lọ dáadáa. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí wọ́n lọ kúnná, tí wọ́n bù sínú ògì ọmọ, oògùn ni. Ohun tó ń dí wọn lọ́wọ́ kì í sì í ṣe owó nìkan nígbà gbogbo. Nínú ilé tí ẹja ti wọ inú ìkòkò, bàbá ló ń gba orí àti àárín, omi ọbẹ̀ ló ń kan ọmọ. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á di olè. Àwa kò tíì rí olè tí ẹyin bí. Ọmọ tí ẹ fi ẹyin dù ní ọmọ ọdún kan ni a fẹ́ kí ẹ ro tirẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí B12 wọn lè dín kù bí wọ́n tilẹ̀ ń jẹ ẹran: àwọn tó ti lé ní 50 ọdún, tí ikùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ gbà á mọ́, àti àwọn alátọ̀gbẹ tó ti ń lo metformin fún ọdún pípẹ́. Kí wọ́n bi dókítà wọn. Ní ti àwọn fítámì yòókù, ìlú wa kò ṣe àìní: epo pupa ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, oòrùn ń fún wa ní D, ọsàn tí ènìyàn mu lẹ́yìn ẹ̀wà ń jẹ́ kí irin inú rẹ̀ wọ ara. Kí iyọ̀ jẹ́ èyí tó ní iodine nínú.

A ní ohun mẹ́ta láti béèrè. Àkọ́kọ́, kí àwọn agbẹ̀bí máa fi ìbéèrè kan kún èyí tí wọ́n ń bi aboyún: ṣé o ń jẹ ẹja, ẹyin tàbí wàrà? Kò gba ìṣẹ́jú kan. Èkejì, kí pásítọ̀, rásítà tàbí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tó bá ti ní kí ènìyàn fi ẹran sílẹ̀, dárúkọ B12 kí ó tó pa ẹnu dé. Ẹ̀kẹta, ti ìjọba ni. Òfin ti ní kí wọ́n fi irin àti acide folique sínú ìyẹ̀fun àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì wa. Láti 2009 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka B12 mọ́ ohun tí wọ́n lè fi sínú irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀. A fẹ́ kí àwọn tó wà nídìí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera ní Benin àti Tógò sọ fún wa ìgbà tí tiwa yóò ní in.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí fámásì jìnnà sí, ẹni tó bá ń lọ Pobè, Sakété tàbí Àtàkpàmé lè bá yín ra á bọ̀. Hóró onímáíkírógíráàmù 2000 mẹ́rin tó oṣù kan. Ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, ọjọ́ ọjà tàbí ọjọ́ ìsìn, èyí tí ẹ kò ní gbàgbé, kí ẹ sì gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò ní tó o.